Ẹ Má Gbé Kẹ̀kẹ́ Jáde ní Ìdájí: Àkókò Tó Dára fún Ìgbaradì Nígbà Ọ̀gìnnìtìn

Ní Èkó, ẹni tó bá ń fi kẹ̀kẹ́ ṣe ìgbaradì kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá òun lórí ibùsùn. Ìdájí ni àwọn ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ máa ń kóra jọ, kí danfó tó gba ojú títì, kí oòrùn sì tó mú. Ọgbọ́n gidi ni. Afẹ́fẹ́ tutù lásìkò yẹn, ọ̀nà dá, nígbà tí aago mẹ́sàn-án bá sì fi máa lù, oníkálukú ti délé, ó ti wẹ̀, ó ti jẹun. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ti fi Peckham, Thamesmead, Dagenham tàbí Manchester ṣe ilé ló gbé àṣà yìí dání lọ sí Ìlú Ọba. Nígbà tí ooru bá ń mú níbẹ̀, láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Kẹsàn-án, kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Àmọ́ bí oṣù Kọkànlá bá ti wọlé, wákàtí tó ń dáàbò bò wá nílé ló máa ń di wákàtí tó léwu jù lọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbì kan, èèwọ̀ ibòmíràn ni.

Ohun mẹ́rin ló yẹ kí agunkẹ̀kẹ́ gbé yẹ̀ wò kó tó yan àkókò nígbà òtútù: ìmọ́lẹ̀, yìnyín, ibi tí oòrùn wà lójú ọ̀run, àti bí ọkọ̀ ṣe pọ̀ tó lójú ọ̀nà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní wákàtí tirẹ̀. Àkókò tó dára ni ìgbà tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá gbà fún wa lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbà náà kì í sì í gùn.

Ẹ jẹ́ ká fi ti ìmọ́lẹ̀ ṣáájú. Èkó kò jìnnà sí agbedeméjì ayé, ìdí nìyí tí ọjọ́ tó kúrú jù lọ níbẹ̀ fi ṣì lé ní wákàtí 11 àbọ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́jọ́ 21 oṣù Kejìlá, oòrùn kì í yọ títí di nǹkan bí aago 8:04 òwúrọ̀, nígbà tó bá sì máa fi di nǹkan bí aago 3:53 ọ̀sán, ó ti wọ̀. Ojúmọ́ ọjọ́ náà kò pé wákàtí mẹ́jọ. Ní Glasgow tó wà lókè lọ́hùn-ún, ó di nǹkan bí aago 8:45 kí wọ́n tó rí oòrùn, kò sì ní dúró kí aago mẹ́rin lù. Ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá ni gbogbo Ìlú Ọba máa ń dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Oòrùn tó wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí aago 5:45 lọ́jọ́ Àbámẹ́ta á wọ̀ ní nǹkan bí aago 4:42 lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn tó bá ṣíwọ́ iṣẹ́ á kàn ṣàdédé bá ara rẹ̀ nínú òkùnkùn, bẹ́ẹ̀ sì ni òkùnkùn ìrọ̀lẹ́ kò tíì mọ́ àwọn awakọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lára.

Òfin ìrìnnà ilẹ̀ náà kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ títí di ìgbà tó bá yọ, dandan ni kí iná funfun máa tàn níwájú kẹ̀kẹ́, kí iná pupa máa tàn lẹ́yìn, kí gíláàsì pupa tó ń dá iná ọkọ̀ padà sì wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n bá ṣe lẹ́yìn ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ọdún 1985 gbọ́dọ̀ ní irú gíláàsì bẹ́ẹ̀, aláwọ̀ ọsàn, lára pẹ́dà rẹ̀. Ẹ mú un ṣe, kódà bó bá jẹ́ ọ̀sán lẹ ń jáde, nítorí táyà lè jò kí ilẹ̀ sì ṣú bá yín lọ́nà. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé aṣọ yẹ́lò tó ń tàn yòò, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbára lé, oòrùn ló ń mú un tàn. Bí oòrùn bá ti wọ̀, agbára aṣọ náà tán. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ lóru ni aṣọ tàbí tẹ́ẹ̀pù tó ń dá iná ọkọ̀ padà, ibi tó sì ti wúlò jù lọ ni ọrùn ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn bàtà. Ibẹ̀ ló ń lọ sókè sódò bí a ṣe ń tẹ pẹ́dà, awakọ̀ tó bá sì rí i á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ènìyàn ló wà níwájú òun.

Yìnyín ni olórí ọ̀tá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀gànjọ́ òru ni ilẹ̀ máa ń tutù jù, pé bí ojúmọ́ bá ti mọ́, ewu ti rékọjá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ dà bí ìkòkò tí a sọ̀ kúrò lórí ààrò: níwọ̀n ìgbà tí a kò bá tún dá iná sí i nídìí, ṣe ni yóò máa tutù sí i. Láti ìgbà tí oòrùn bá ti wọ̀ ni ilẹ̀ ti ń tú ooru rẹ̀ dànù sójú ọ̀run. Bí ìkùukùu bá bo òkè, ó máa ń dá lára ooru náà padà. Bí ojú ọ̀run bá mọ́ kedere, tí ìràwọ̀ yọ, tí afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́, kò sí ohun tó ń dá a padà. Oòrùn ìgbà òtútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kò sì lágbára tó máa fi san gbèsè òru lójú kan náà. Nítorí náà, àfẹ̀mọ́júmọ́ títí di díẹ̀ lẹ́yìn tí oòrùn bá yọ ni ìgbà tí ó máa ń tutù jù lọ. Ní Lọ́ńdọ̀nù lóṣù Kìn-ín-ní, nǹkan bí aago méje sí mẹ́sàn-án òwúrọ̀ nìyẹn, wákàtí náà gan-an tí ara ẹni tó ti Èkó wá ń sọ fún un pé ó ti ń pẹ́ jù.

Ohun kan tún wà tó máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ nílẹ̀ náà ń wọn òtútù afẹ́fẹ́ ní ibi tó ga tó mítà 1.25 sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojú títì ni táyà wa ń yí lé. Lóru tí ojú ọ̀run bá mọ́, fóònù lè sọ pé ó jẹ́ dígírì mẹ́ta, kí ojú títì sì ti bọ́ sábẹ́ òdo. Irú dígírì mẹ́ta bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n lóru Lọ́ńdọ̀nù lóṣù Kìn-ín-ní. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bẹ àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n má ṣe rí nọ́ńbà tó ju òdo lọ kí wọ́n sì gbé kẹ̀kẹ́ jáde.

Yìnyín tó ń dì sójú títì lọ́nà yìí kì í funfun. Ó mọ́ gaara, dúdú títì ló ń hàn lábẹ́ rẹ̀, ojú á sì pè é ní omi lásán. Ìwé òfin ìrìnnà tí wọ́n ń pè ní Highway Code sọ pé ibi tí ọkọ̀ yóò sáré dé kó tó dúró lè di ìlọ́po méjì bí ọ̀nà bá tutù fún òjò, ó sì lè tó ìlọ́po mẹ́wàá bó bá jẹ́ orí yìnyín. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n ń bá wí níbẹ̀ o. Ti ẹlẹ́sẹ̀ méjì yàtọ̀: bí táyà iwájú bá ti yọ̀, a kì í ráyè fẹsẹ̀ tilẹ̀. Egungun ìbàdí tàbí ọrùn ọwọ́ la fi ń balẹ̀.

Ẹ wo ọ̀nà tóóró kan ní Kent ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀, irú ọ̀nà tí àwọn agunkẹ̀kẹ́ gúúsù Lọ́ńdọ̀nù máa ń gbà kọjá ní Eynsford àti Shoreham kí wọ́n tó dojú kọ òkè Ide Hill tàbí Toys Hill. Ní gbangba oko, títì ti gbẹ, oòrùn ń ta sí i, ọkàn balẹ̀. Lẹ́yìn náà ọ̀nà yà, ó sì wọ abẹ́ igi. Ọgbà ewéko tó ga ju orí ènìyàn lọ ló wà níhà gúúsù rẹ̀, oòrùn kò sì tíì kan ibẹ̀ láti ìgbà tí ojúmọ́ ti mọ́. Omi ń sun láti inú oko, ó ń gba ojú títì kọjá. Létí ọ̀nà, ìrì tó dì ti sọ koríko di funfun. Láàrin ọ̀nà, ibì kan wà tí kò fẹ̀ ju apá ènìyàn lọ, tó ń dán bí ẹni fi òróró pa á. Ibẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti dín eré kù kó tó kúrò nínú oòrùn yóò jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa lọ tààrà, kò ní fọwọ́ kan bíréèkì, kò ní yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kò ní tẹ pẹ́dà, yóò kọjá. Ẹni tó bá dúró di inú òjìji kó tó fa bíréèkì ni yóò ṣubú. Bákan náà ni orí afárá: ó máa ń dì ṣáájú ibòmíràn, nítorí pé òtútù ń fẹ́ sí i lókè, ó ń fẹ́ sí i nísàlẹ̀.

Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ máa ń rán ọkọ̀ ńlá jáde láti da iyọ̀ sójú títì bí òtútù bá ń bọ̀. Ọ̀nà ńláńlá àti ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì ń gbà ni wọ́n kọ́kọ́ ń dà á sí. Ọ̀nà kọ́rọ́kọ́rọ́ inú oko kì í sábà rí i, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́. Iyọ̀ náà kì í sì í dá iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Táyà ọkọ̀ ló ń lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ omi àti yìnyín kó tó yọ́ ọ. Láàárọ̀ kùtù ọjọ́ Àìkú, ọkọ̀ kò tíì kọjá tó. Ọ̀nà kan náà tó léwu ní aago méje lè ti dára ní aago mẹ́wàá, kì í ṣe nítorí oòrùn nìkan, bí kò ṣe nítorí pé àwọn tó ti kọjá ti bá wa lọ iyọ̀ náà kúnná.

Òru tí kò ní ìkùukùu tí kò sì ní afẹ́fẹ́ ló tún máa ń bí kùrukùru. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ó máa ń ki jù, ó sì sábà máa ń ká kúrò nílẹ̀ bí ìyálẹ̀ta bá ti ń di ọ̀sán. Ìyẹn náà tún jẹ́ ìdí kan tó fi yẹ kí a ní sùúrù.

Ó wá ku ti oòrùn fúnra rẹ̀. Lọ́sàn-án gangan lóṣù Kejìlá, oòrùn Èkó wà ní nǹkan bíi dígírì 60 sókè sí ilẹ̀. Ti Lọ́ńdọ̀nù kò ju nǹkan bíi 15 lọ. Èyí fi hàn pé láti òwúrọ̀ dé alẹ́, ojú awakọ̀ ni oòrùn ń wò. Wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó bá yọ àti wákàtí tó kẹ́yìn kó tó wọ̀ ló burú jù, nítorí ó rẹlẹ̀ débi pé ohun tí awakọ̀ ń fà sílẹ̀ láti fi bo ojú kò ràn án lọ́wọ́. Gúúsù ìlà oòrùn ló ti ń yọ lásìkò náà, gúúsù ìwọ̀ oòrùn ló sì ń wọ̀ sí, nítorí náà ẹ mọ àwọn ọ̀nà yín tó dojú kọ ìhà wọ̀nyí. Òjìji yín ni kẹ́ ẹ máa wò. Bó bá nà gbọọrọ síwájú yín, oòrùn wà lẹ́yìn yín, ó sì ń ta sójú awakọ̀ tó ń bọ̀ níwájú. Ó lè yà kọjá níwájú yín láìrí yín rárá. Bí òjìji bá wà lẹ́yìn yín, ẹni tó ń wakọ̀ bọ̀ lẹ́yìn yín ni oòrùn ń pa lójú. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tan iná ẹ̀yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ ojúmọ́ kedere.

Ti ọkọ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Láti nǹkan bí aago méje sí mẹ́sàn-án àbọ̀, ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ àti ẹni tó ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé ló kún títì. Bí aago mẹ́ta bá ti lù, wọ́n á tún jáde lọ kó ọmọ, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìrọ̀lẹ́ á sì tẹ̀ lé e títí di nǹkan bí aago méje. Lóṣù Kejìlá, inú òkùnkùn ni gbogbo ti ìrọ̀lẹ́ náà bọ́ sí.

Ẹ wá kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Lóṣù Kejìlá àti oṣù Kìn-ín-ní, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àkókò tó kù fún wa ni nǹkan bí aago mẹ́wàá àbọ̀ òwúrọ̀ sí aago méjì ọ̀sán. Lóṣù Kọkànlá àti oṣù Kejì, ó lè gùn láti aago mẹ́wàá dé aago mẹ́ta. Ọjọ́ Àìkú ló sì dára jù, nítorí ọkọ̀ kò pọ̀. Bí ìkùukùu bá bo òkè mọ́jú, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, tí ilẹ̀ kò sì tutù, a lè jáde ní aago mẹ́sàn-án. Bí òru bá mọ́ kedere lẹ́yìn òjò ìrọ̀lẹ́, ẹ má ṣe yára. Ìyẹn ni òru tó ń bí yìnyín tó pọ̀ jù.

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni ìpinnu ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo bí òtútù yóò ṣe lọ sílẹ̀ tó àti wákàtí tí yóò lọ sílẹ̀ jù, ẹ wo bóyá òjò rọ̀ tí ojú ọ̀run sì tún mọ́, ẹ wo wákàtí tí oòrùn yóò wọ̀. Láàárọ̀, kẹ́ ẹ tó wọ aṣọ, ẹ jáde síta. Bí gíláàsì iwájú àwọn ọkọ̀ tó wà létí títì bá funfun, tí àwọn aládùúgbò ń fi nǹkan ha á, ẹ padà sínú ilé lọ mu tíì. Ẹ fi bàtà tẹ omi tó dúró létí gọ́tà. Bó bá dún gbàù, kò tíì yá. Bí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti orí òrùlé, tí fóònù sì sọ pé ó ti di dígírì mẹ́rin, tó sì ń lọ sókè, ó ti ń yá. Bó bá di aago méjìlá tí yìnyín kò yọ́, ọjọ́ náà kì í ṣe ọjọ́ ìta. Lẹ́yìn náà, ẹ ka wákàtí kan àbọ̀ sẹ́yìn láti ìgbà tí oòrùn yóò wọ̀, kẹ́ ẹ sì rí i pé ẹ ti délé nígbà yẹn. Omi tó yọ́ lọ́sàn-án máa ń tún dì bí oòrùn bá ti rẹlẹ̀, táyà tó bá sì jò nínú òtútù kì í yá pààrọ̀, nítorí ọwọ́ á ti kú tipiri.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní ọ̀sán lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì wà, àwọn tó ń tọ́jú àgbàlagbà wà, awakọ̀ wà, òṣìṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí wà, iṣẹ́ òru sì pọ̀ nínú iṣẹ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ti ibi iṣẹ́ òru bọ́ sórí kẹ̀kẹ́ fún ìgbaradì. Oorun tí ojú kò sùn máa ń mú kí ọwọ́ pẹ́ kó tó dé bíréèkì, ìgbà tí ẹ sì ń ṣíwọ́ gan-an ni ilẹ̀ tutù jù. Ẹ kọ́kọ́ sùn. Ẹni tó jẹ́ alẹ́ nìkan ló ráyè lè lọ sí ibi tí ọkọ̀ kì í dé. Ní Lee Valley VeloPark, níbi tí wọ́n ti gun kẹ̀kẹ́ nínú Òlíńpíìkì ọdún 2012, ọ̀nà kan wà tó gùn tó máìlì kan, tó ní iná, tí kò sí mọ́tò níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ojú títì náà ni, ẹ máa yí po lágbègbè ilé, lójú ọ̀nà tó ní iná tí wọ́n sì ti da iyọ̀ sí, kí iná ẹ̀yìn jẹ́ méjì, kí bátìrì sì kún dáadáa, nítorí òtútù máa ń jẹ agbára bátìrì.

Ẹ̀rọ tí a ń gbé kẹ̀kẹ́ lé nínú ilé náà kì í ṣe ohun ìtìjú. Lóṣù Kejì ọdún 2016, Mathew Hayman, agunkẹ̀kẹ́ ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, dá lápá níbi eré kan ní Bẹ́ljíọ̀mù. Inú ilé ló ti ń tẹ pẹ́dà lójú kan fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Lóṣù Kẹrin ọdún náà, ó gba ipò kìíní nínú Paris–Roubaix, eré tó lé ní kìlómítà 250, ó sì fi Tom Boonen sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ kò mọ̀ bóyá inú ilé la wà tàbí ìta. Iṣẹ́ tí a fún un ló mọ̀.

Ara náà ní ohun tó ń sọ nípa àkókò. Bó bá jẹ́ dígírì méjì, tí a sì ń sáré kìlómítà 30 ní wákàtí kan, afẹ́fẹ́ á mú kó dà bíi dígírì mẹ́rin sábẹ́ òdo lára wa. Nítorí náà, ìbọ̀wọ́ tó nípọn, ìbòrí lábẹ́ akoto àti ìbora fún bàtà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹni tó ní ikọ́-fée kó fi aṣọ bo imú àti ẹnu, kó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó má sì gbàgbé oògùn afàsímú rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tútù tó gbẹ máa ń fún ọ̀nà ọ̀fun pa. Ẹni tó ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ládìde gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ: òtútù, àìmu omi tó àti àṣejù lè ru ìrora rẹ̀ sókè. Kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ná, kó sì máa fi ọ̀sán tó móoru díẹ̀ ṣe tirẹ̀, tàbí kó dúró sínú ilé.

Ìgbaradì ìgbà òtútù, ìpìlẹ̀ la fi ń lélẹ̀ fún eré tó ń bọ̀ lẹ́yìn oṣù Kẹta. Ọjọ́ kan tí a kò jáde kò lè gba agbára lẹ́sẹ̀ wa, àmọ́ ìbàdí tó bá ṣẹ́ lóṣù Kìn-ín-ní lè gbé gbogbo ọdún lọ. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń darí ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ ní Ìlú Ọba, ẹ má dúró kí ẹnì kan ṣubú kẹ́ ẹ tó yí aago ìpàdé padà. Bí wọ́n bá ti dá aago sẹ́yìn lóṣù Kẹwàá, ẹ sún ìpàdé kúrò ní aago méje sí aago mẹ́wàá àbọ̀, kẹ́ ẹ sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, nítorí òun ni yóò kọ́kọ́ jí.